Aláàfin Abípa, Ọba Mọ́rọ̀: Ẹni tí ó mú iwin ní Ọ̀yọ́-Ilé

Nígbà tí ọdún egúngún bá dé ní Ìgànná, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí ní Ṣakí, ní Kíṣì, ní Ìgbòhò àti ní àwọn ìlú Òkè-Ògùn yòókù, ìlù bàtá ni í pe tọmọdé tàgbà jáde. Atọ́kùn a mú àtòrì lọ́wọ́, a sì máa la ọ̀nà fún ará ọ̀run. Àwọn obìnrin ilé a máa ki oríkì ìdílé. Àwọn ọmọdé a sá sẹ́yìn, wọn a yọjú, wọn a tún sá. Bí egúngún náà bá jẹ́ ti eré, kì í pẹ́ tí ìbẹ̀rù fi í di ẹ̀rín: ẹni tí ó wọ agbo bí ará ọ̀run a di ọ̀nì, a di ìyàwó tí ń ṣe fáàrí, a di òyìnbó onímú gígùn. Ìbẹ̀rù àti ẹ̀rín ni wọ́n jọ ń gbé inú ẹ̀kú kan náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn méjèèjì ti ṣe di ará ilé kan kò ní láti rìn jìnnà sí Òkè-Ògùn kí ó tó rí ìtàn kan tí ó là á yé ni. Ó tó nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn tí ọba kan jẹ ní Ìgbòhò. Abípa ni orúkọ rẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní Ògbólú. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó borí gbogbo orúkọ rẹ̀ ni Ọba Mọ́rọ̀, èyíinì ni ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Iwin ni. Ọba náà mú iwin mẹ́fà, nígbà tí ó sì mú wọn tán, ó rí i pé ènìyàn ni wọ́n.

ỌBA INÚ ÀTÌPÓ

Inú àtìpó ni a bí Abípa sí. Ṣáájú ìgbà tirẹ̀, ní ayé Aláàfin Onígbogí, ogun Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé, ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Òfinràn, ọmọ Onígbogí, ni ó kó wọn kúrò níbẹ̀ tí wọ́n fi ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dúró ní Kùṣù, wọ́n dé Ṣakí, kí Aláàfin Egúnojú tó tẹ Ìgbòhò dó. Ìgbòhò ni Egúnojú ti jẹ, òun ni Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé náà ti jẹ. Abípa ni ó jẹ gbẹ̀yìn níbẹ̀. Igbó Ọba tí ibojì àwọn Aláàfin wà nínú rẹ̀ ní Ìgbòhò jẹ́ ẹ̀rí pé àtìpó náà kì í ṣe ti ọdún kan tàbí méjì. Ó gba ẹ̀mí ọba lẹ́yìn ọba.

Orúkọ Abípa pàápàá jẹ mọ́ ìrìn náà. Àwọn òpìtàn túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí a bí sí ipa ọ̀nà. Bí a bá sọ ọmọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní í máa rántí pé ilé rẹ̀ kọ́ ni ó wà. Àwọn tí ó yí i ká ti ń pe Ìgbòhò ní ilé. Ní tirẹ̀, ibùsọ̀ ni.

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni ilẹ̀ tí àwọn Ọ̀yọ́ ń pè ní Ẹkùn Ọ̀tún. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson ń ka àwọn ọba ẹkùn náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó ka Sabigànná ti Ìgànná mọ́ wọn, pẹ̀lú Ọ̀kẹ́rẹ̀ ti Ṣakí àti Aṣẹ́yìn ti Ìsẹ́yìn. Nítorí náà, ìtàn Abípa kì í ṣe ìtàn àjèjì sí ọmọ Ìgànná. Ìtàn inú ilé ni.

BÍ AWO EGÚNGÚN TI DÉ ÀÁRÍN ÀWỌN Ọ̀YỌ́

Kí ọ̀rọ̀ iwin Abípa tó lè yéni dáadáa, ó yẹ kí a rántí ohun kan tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Johnson kọ ọ́ pé nígbà tí Òfinràn wà ní Kùṣù ni àwọn Ọ̀yọ́ mọ awo Egúngún láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Tápà. Láti ìgbà náà ni Alápìínni ti jẹ́ olórí awo náà láàárín àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí ń fi ọba jẹ, tí wọ́n sì ń gbà á nímọ̀ràn.

Awo yìí ní òfin. Ará ọ̀run ni egúngún. A kì í wá ojú ènìyàn lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá da aṣọ borí ni ó di egúngún. Ìgbàlẹ̀ ni egúngún ti ń jáde. Ìdílé ni ó ni ín, Alágbàáà mọ̀ sí i, atọ́kùn ń dáhùn fún un, ìlú sì mọ ọjọ́ tí yóò jáde àti ọjọ́ tí yóò wọlé. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, ẹnìkan wà tí a óò bi. Ohun tí ó sọ ìbòjú di ohun mímọ́ ni pé gbogbo ìlú ni ó fi ọwọ́ sí i.

ÌWIN ORÍ ÒKÈ ÀJÀKÀ

Nígbà tí Abípa gorí oyè, ohun tí ó gbà á lọ́kàn ni pípadà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti jẹ, ibẹ̀ ni ojúbọ wọn wà. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́. Ẹni tí ó bá fi òtítọ́ wò ó kò ní í dá wọn lẹ́bi pátápátá. Wọ́n ti kọ́ ilé sí Ìgbòhò, wọ́n ti dá oko, wọ́n ti bí ọmọ, wọ́n ti sin òkú. Ọ̀yọ́-Ilé ti di igbó, ẹranko ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, àwọn ọ̀tá tí ó lé wọn kúrò níbẹ̀ kò sì tíì kú tán.

Àṣà fún wọn ní agbára láti kọ ọ̀rọ̀ ọba lójú ọba. Wọn ìbá dìde nínú ìgbìmọ̀, kí wọn ro ẹjọ́ wọn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Níwájú ọba, wọ́n gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbìmọ̀.

Wọ́n mọ̀ pé ọba yóò rán àwọn ènìyàn lọ wo ahoro ìlú náà ṣáájú. Nítorí náà, mẹ́fà nínú wọn rán ẹnì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, Baṣọ̀run rán abuké, Alápìínni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, Ṣamù rán ẹni tí eyín rẹ̀ yọ síta gan-n-gan, Lágùnà rán aràrá, Akínikú sì rán arọ. Orí òkè Àjàkà ni wọ́n fi wọ́n sí. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba dé, tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n rí iná tí ń rìn lórí òkè, wọ́n gbọ́ ariwo tí kò jọ ti ènìyàn, wọ́n sì rí àwọn ẹ̀dá tí ojú wọn kò rí rí nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Ìgbòhò, ìròyìn wọn kò ju ọ̀kan lọ: iwin ti gba Ọ̀yọ́-Ilé, kò sì sí àyè fún ènìyàn níbẹ̀ mọ́.

Ohun méjì ni ó burú nínú ète yìí. Èkíní, Alápìínni, ẹni tí a fi ìṣọ́ awo tòótọ́ lé lọ́wọ́, wà lára àwọn tí ó dá awo èké sílẹ̀. Ó lo ìbẹ̀rù tí àwọn ènìyàn ní sí ará ọ̀run láti fi dáàbò bo ilé àti oko ara rẹ̀. Èkejì, àwọn mẹ́fà tí wọ́n rán kò rán ara wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí Yorùbá ń pè ní ẹni òrìṣà, tí a gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, tí èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìjòyè ńlá sọ wọ́n di ohun ìdẹ́rùbà, wọ́n gbé wọn sínú igbó, wọ́n ní kí wọn máa ké ní òru. Kò sí ìtàn tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́.

IGBÁ ỌTÍ MẸ́FÀ

Ọkùnrin kan wà láàfin tí ń jẹ́ Ológbo. Arọ́kin ni, ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa fi ìtàn àwọn ọba sórí, kí wọn sì máa rò ó fún ọba tí ó wà lórí oyè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pàdánù ohun tí ó bá gbọ́. Àṣírí àwọn ìjòyè dé etí rẹ̀. Ó mọ ohun tí àwọn alágbára lè ṣe fún ẹni tí ó bá tú wọn fó, síbẹ̀ ó lọ sọ fún ọba.

Abípa kò pariwo. Kò pe ìjòyè kankan lẹ́jọ́, kò sì jẹ́ kí ó hàn ní ojú rẹ̀ pé òun ti mọ̀. Ó pe àwọn ọdẹ mẹ́fà tí ó lórúkọ, ó sì rán wọn lọ sí òkè Àjàkà. Ọdẹ mọ ìrìn òru. Ohun tí ń lé ọmọ ìlú sá kì í lé ọdẹ. Wọ́n ká àwọn iwin náà mọ́ orí òkè, wọ́n mú gbogbo wọn, wọ́n sì kó wọn wá fún ọba ní ìkọ̀kọ̀. Ọba fi wọ́n pamọ́ sínú ààfin.

Nígbà tí ó di ọjọ́ tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì máa ń pé jọ lọ́dọ̀ ọba, Abípa gbà wọ́n pẹ̀lú ọ̀yàyà. Wọ́n jókòó ní ipò wọn. Ọba ní kí a gbé ọtí fún àwọn àgbà. Ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù ṣí. Abuké ni ó gbé igbá ọtí jáde, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú Baṣọ̀run. Àfín gbé ti Alápìínni. Adẹ́tẹ̀ gbé ti Aṣípa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù ṣe títí tí olúkúlùkù fi gba ọtí lọ́wọ́ ẹni tí ó rán.

Ìtàn kò sọ pé ọba wí ohunkóhun. Kò sí ohun tí ó kù láti wí. Àwọn ìjòyè mọ ẹni tí ó gbé igbá dúró níwájú wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ọba mọ̀. Bí wọ́n bá kọ ọtí náà, wọ́n ti jẹ́wọ́. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n ti jẹ́wọ́ bákan náà. Ọ̀rọ̀ náà pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ sí ilé wọn. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Ọba Mọ́rọ̀ ti mọ́ Abípa lára.

Ìbá rọrùn fún ọba láti bẹ́ orí. Ohun tí ó ṣe le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú ohun tí a dá sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ó gbé e sí ojúmọmọ níwájú àwọn tí ó dá a, gbogbo ìbẹ̀rù inú rẹ̀ sì fò lọ. Àwọn tí a sọ di iwin tún di ènìyàn, àwọn tí wọ́n rán wọn ni ojú sì tì.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan san owó ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìjòyè wádìí ẹni tí ó tú àṣírí, wọ́n mọ̀ pé Ológbo ni, wọ́n sì fún un ní májèlé jẹ. Ọba bu ọlá fún òkú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlá kì í jí òkú. Òtítọ́ tí ó dá àwọn Ọ̀yọ́ padà sí ilé kò jẹ́ kí ẹni tí ó sọ ọ́ bá wọn dé ilé láàyè.

ÌPADÀ SÍ Ọ̀YỌ́-ILÉ

Abípa kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn òpìtàn fi àkókò náà sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ibẹ̀ ni ó ti parí ayé rẹ̀, Ọbalókun sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Láti orí ìpadà yìí ni Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ilẹ̀ ọba tí ẹṣin rẹ̀ ń dé ọ̀nà jíjìn, tí agbára rẹ̀ sì dé Dahomey ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Bí ó bá jẹ́ pé iwin mẹ́fà náà borí, bóyá Ìgbòhò ni ìtàn náà ìbá parí sí.

BÍ ERÉ EGÚNGÚN TI DÌDE

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàfin ní ọjọ́ ọtí náà kò parí síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí eré Alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn, so ìbẹ̀rẹ̀ eré egúngún ní ààfin Ọ̀yọ́ mọ́ ìtàn Ọba Mọ́rọ̀ yìí. Nínú ìtàn àwọn òjẹ̀, orúkọ Ológbìn-ín Ológbojò ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó tọ́ eré náà dàgbà láàfin. Ẹ̀sà Ọ̀gbín ni àwọn apìdán sì ń júbà gẹ́gẹ́ bí baba ńlá iṣẹ́ wọn kí wọn tó bẹ̀rẹ̀ eré. Láti ààfin ni eré náà ti jáde sí ìgboro, tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré fi ń ti ìlú dé ìlú pẹ̀lú onílù bàtá wọn, tí a fi ń pè wọ́n ní Alárìnjó, ní Apìdán tàbí ní Agbégijó.

Abuké, aràrá, arọ àti adẹ́tẹ̀ wà lára àwọn tí àwọn òṣèré wọ̀nyí ń fi ìbòjú ṣe. Nínú èyí, eré náà kò bọ́ lọ́wọ́ àléébù àwọn ìjòyè ìgbà Abípa, nítorí ó ń fi ẹni òrìṣà pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò dúró sí orí wọn nìkan. Ó fi ọ̀mùtí ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi oníwọra ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi àjèjì ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì yọ alágbára sílẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton wà ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin Májòtú. Ó gba àárín ilẹ̀ Òkè-Ògùn kọjá kí ó tó débẹ̀. Wọ́n ṣe eré egúngún fún un. Ó rí àwọn tí ń jó nínú àpò, ó rí òjòlá tí ó jáde tí ń yí kiri, ní ìkẹyìn ó sì rí ẹ̀dá funfun kan tí ó tín-ín-rín, tí òtútù ń mú, tí kò mọ ẹsẹ̀ ijó. Òyìnbó ni wọ́n ń ṣe lójú òyìnbó, gbogbo agbo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìròyìn Clapperton ni ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lórí eré yìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kú nítòsí Ṣókótó. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìbẹ̀wò rẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé tún di ahoro, ṣùgbọ́n eré náà kò bá ìlú náà kú.

Àní ó ti kọjá òkun. Nígbà òwò ẹrú, a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní erékùṣù Itaparica, ní Bahia ti ilẹ̀ Brazil, àwọn ìran wọn ń bọ Egúngún títí di òní. Ní Trinidad, níbi tí àwọn Yorùbá ti wà láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà mìíràn, àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1838 gba ìgboro nígbà Carnival. Wọ́n fi ìbòjú àti aṣọ eré sín àwọn olóko tí ó ti jẹ gàba lé wọn lórí jẹ. Nígbà tí ọlọ́pàá fẹ́ dá wọn lẹ́kun ní 1881, wọ́n jà fún un. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Yorùbá nìkan ni ó ni Carnival náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìgànná yóò mọ ohun tí ó ń rí níbẹ̀: àwọn tí kò ní agbára da aṣọ borí kí wọn lè sọ òtítọ́ fún àwọn tí ó ní in.

Ẹ̀KỌ́ ỌBA MỌ́RỌ̀

Ní Òkè-Ògùn lónìí, àwọn ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ní egúngún sì ní àlùfáà nínú. Àwọn kan ń bi ara wọn bóyá ó tún yẹ kí ọmọ ilé ìwé mọ nǹkan egúngún. Ní ibòmíràn, àwọn ọ̀dọ́ kan a máa fara pamọ́ sẹ́yìn egúngún láti gbẹ̀san, láti gba owó lọ́wọ́ èrò ọ̀nà, tàbí láti dá ìjà sílẹ̀, bí a bá sì wá wọn, wọn a ní ará ọ̀run ni ó ṣe é.

Ìtàn Abípa dá ẹjọ́ yìí ní kedere. Kì í ṣe ìbòjú ni ọba náà bá jà. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú Egúngún tí àwọn baba wọn gbà ní Kùṣù. Ohun tí ó bá jà ni ìbòjú tí kò ní ìgbàlẹ̀, tí kò ní atọ́kùn, tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn fún, tí ó jẹ́ pé àǹfààní ẹni mélòó kan ni a fi dá a. Ẹni tí ó bá wọ ẹ̀kú ní ìdílé rẹ̀, tí ó jó, tí ó súre, tí ó pa ìlú lẹ́rìn-ín, tí ó sì fi àṣìṣe wọn hàn wọ́n, ọmọ Ológbìn-ín ni. Ẹni tí ó bá da aṣọ borí láti lu aládùúgbò rẹ̀, iwin orí òkè Àjàkà ni, àwọn ọdẹ sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Nígbà tí bàtá bá tún dún ní Ìgànná, tí àtòrì ń dún gbì-ì-gbì nílẹ̀, tí ọmọdé kan sì sá bọ́ sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ tí ó tún ń yọjú wò, ó yẹ kí àgbà kan tẹ̀ba sí i létí nípa ọba tí a bí sí ojú ọ̀nà. Ó yẹ kí ó sọ ti Ológbo mọ́ ọn, arọ́kin tí kò ní àgádá, tí kò ní ẹṣin, tí kò sì padà dé Ọ̀yọ́ láàyè.